Ṣé ká ra ilé ni, àbí ká máa rẹ́ǹtì ká fi owó dókòwò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi àti ìyàwó mi ti tu 25,000 jọ (ẹ fi owó ìlú yín rọ́pò rẹ̀, ìṣirò ni mo ń wá). Ilé tí a rí jẹ́ 125,000, báǹkì ṣetán láti yá wa ní 100,000 tó kù, èlé 6%, ọdún 30, wọ́n ní a ó máa san 600 lóṣù. Rẹ́ǹtì ibi tí a wà báyìí jẹ́ 450, ilé náà ò burú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí a fẹ́ rà dọ́gba. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti tó gẹ́ẹ́, kí a yé fi owó lándílọ́ọ̀dù ṣòfò. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ní tí n bá ra ilé mo ti so ara mi mọ́lẹ̀ nìyẹn, kí n kó gbogbo ẹ̀ sínú index fund (àpò ìdókòwò tó ń ra ìpín ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì pọ̀). Ìyàwó mi fẹ́ ilé, ọkàn tèmi pín sí méjì. Iṣẹ́ mi sì lè gbé wa kúrò níbí láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe?

* * *

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé nǹkan kan kúrò lójú ọ̀nà. 600 tí ẹ ń fi wé 450 yẹn, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. 450 ni gbogbo ohun tí ilé tí ẹ ń gbé ń gbà lọ́wọ́ yín, ó parí síbẹ̀, bí òrùlé bá ń jò ẹ pe lándílọ́ọ̀dù. 600 ńkọ́, báǹkì nìkan ló ni ín. Owó orí ilé ò sí níbẹ̀, àtúnṣe ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá kan nínú 600 yẹn kì í ṣe owó tó lọ, gbèsè yín ló ń gé kù. Torí náà owó tó yẹ ká gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́ǹtì ni owó tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín tí kò ní padà wá mọ́ láéláé, yálà ẹ ra ilé tàbí ẹ ò rà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún ọdún kìíní. Èlé báǹkì á jẹ́ nǹkan bíi 5,970. Owó orí ilé, ká pè é ní 1% iye ilé, 1,250. Àtúnṣe, 1% náà, 1,250 míì. Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé wá kù: 25,000 yín, ká ní ó wà níbi tó ti ń mú 6% wọlé, 1,500 ni ìyẹn lọ́dún, ẹ ò ní rí i mọ́ torí ó ti wọnú ilé. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 9,970. Bí ilé bá wá gbówó lérí ní 3% lọ́dún náà, 3,750 nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 6,220. Pín in sí oṣù 12, bíi 518.

Nítorí náà ilé yẹn máa ná yín ní 518 lóṣù ní tòótọ́, rẹ́ǹtì ń ná yín ní 450. Rẹ́ǹtì ló dín owó, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà kúkúrú kan wà tí Ben Felix, ará Kánádà tó ń bá àwọn èèyàn bójú tó owó ìdókòwò, sọ di mímọ̀, wọ́n ń pè é ní ìṣirò 5%: ẹ mú 5% iye ilé, ẹ pín in sí 12, bí rẹ́ǹtì irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ máa rẹ́ǹtì lọ. Tiyín máa jẹ́ 521, ẹ rí i pé ó súnmọ́ èyí tí a fọwọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé 5 yẹn sórí bí òfin o. Níbi tí owó orí ilé bá ti jẹ́ 2%, tàbí tí èlé báǹkì bá ti jẹ́ 12% tàbí 20%, iye míì pátápátá ló máa jáde. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é pẹ̀lú iye tó wà níwájú yín.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó fèsì pé "owó rẹ́ǹtì, owó àdánù ni, tó bá di ọdún 30 kí ni wàá fi hàn?", ẹ má bínú, mi ò bá yín lọ síbẹ̀.

Ẹni tó ń san rẹ́ǹtì ń ra nǹkan. Ó ń ra ibi tí yóò sùn, ó ń ra pé bí ògiri bá sán kò kan òun, ó tún ń ra ẹ̀tọ́ láti palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ nígbà tó bá wù ú. Èlé tí onílé ń san fún báǹkì wá ńkọ́? Rẹ́ǹtì náà ni, rẹ́ǹtì orí owó. Dípò kó rẹ́ǹtì ilé lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù, owó báǹkì ló ń rẹ́ǹtì, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní àdánù.

Ẹ wo bí 100,000 yẹn ṣe máa rìn. Oṣù kìíní tí bọ̀dá bá san 600, 500 gbáko ni èlé, 100 péré ló máa bọ́ lára gbèsè. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún wọ́n á ti san nǹkan bíi 36,000, gbèsè á ṣì ku 93,000. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, 83,700. Ó di ọdún kọkànlélógún kí ìdajì gbèsè tó wọlẹ̀! Tí wọ́n bá san án tán lọ́dún 30, gbogbo owó tó jáde lápò wọn máa jẹ́ bíi 215,800, èlé nìkan níbẹ̀ lé ní 115,000.

Mi ò sọ pé lóònù burú o. Mo ní ẹni tó ń ra ilé pẹ̀lú lóònù ọdún 30, ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ẹ̀ rẹ́ǹtì ló pọ̀ jù nínú owó tó ń san. Bọ̀dá, báǹkì ní tábìlì gígùn kan tó máa ń fi oṣù kọ̀ọ̀kan hàn, iye tó lọ sí èlé, iye tó lọ sí gbèsè, láti oṣù 1 dé 360. Ẹ béèrè ẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ ohunkóhun, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín jókòó tì í kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

* * *

"Ilé kì í já wálẹ̀, ilẹ̀ ò tún lè pọ̀ sí i." Mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.

Ó máa ń já wálẹ̀. Ní Japan, owó ilẹ̀ dé orí òkè ní 1991, ó sì lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọọdún. Ní Amẹ́ríkà, láti 2006 sí 2012, owó ilé dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a bá pa gbogbo orílẹ̀-èdè náà pọ̀, àwọn ìlú kan sì wà tí tiwọn burú ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni lóònù. Bọ̀dá ń fi 25,000 gbé ilé 125,000. Tí iye ilé bá lọ sókè ní 20%, owó tiwọn ti di ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń sọ pé ilé ló sọ àwọn di olówó. Tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní 20% kan náà, ilé ti di 100,000, gbogbo 25,000 yẹn ti lọ, gbèsè sì wà níbẹ̀ digbí. Kò ní pa ẹni tí kò bá ní kúrò, tí owó oṣù ẹ̀ ò sì dúró. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tàbí tí wọ́n gbé lọ ibòmíì lọ́dún yẹn gan-an ló máa ń jìyà ẹ̀. Nǹkan méjèèjì sì máa ń dé pọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí bí iléeṣẹ́ ńlá àdúgbò bá kógbá sílé, owó oṣù dúró, iye ilé tó wà láyìíká náà á sì ṣubú.

* * *

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kó kó gbogbo owó sínú index fund. Ẹ̀yin náà, ẹ dúró.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: àpò kan ni tó máa ń ra ìpín díẹ̀díẹ̀ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ́ńpìnnì pọ̀, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ kéré gan-an. John Bogle àti iléeṣẹ́ Vanguard ló ṣí irú ẹ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn èèyàn lásán ní 1976. Nǹkan dáadáa ni, owó tèmi náà wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ ń ṣe bíi pé ẹni tó ń rẹ́ǹtì máa ń dókòwò lóòótọ́. Mélòó nínú yín ló ń ṣe é, lóṣooṣù, láìfo ọ̀kan? Ẹ wo iye tó yẹ kí bọ̀dá máa fi síbẹ̀. Onílé máa san 600, á tún fi bíi 208 sílẹ̀ lóṣù fún owó orí àti àtúnṣe. 808 nìyẹn, ẹ yọ 450 kúrò, ó ku 358. Ìyẹn ni pé kì í ṣe 150 ló gbọ́dọ̀ máa lọ sí ìdókòwò, 358 ni, lóṣooṣù, kí 25,000 náà sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Mo jókòó ti ìṣirò yìí fún ọdún mẹ́wàá. Mo ní kí ìdókòwò máa mú 6% wọlé, kí ilé máa gbówó lérí ní 3%, kí rẹ́ǹtì, owó orí àti àtúnṣe náà máa fi 3% lọ sókè lọ́dọọdún. Onílé tó bá tà lọ́dún kẹwàá, tó san 6% fún àwọn tó bá a tà á àti lọ́yà, tó sì san gbèsè tó kù, á gbé bíi 74,000 lọ. Ẹni tó rẹ́ǹtì tó sì fi gbogbo ìyàtọ̀ yẹn síbẹ̀ láìfo oṣù kankan á ní bíi 98,000. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ́ǹtì tó fi 25,000 nìkan síbẹ̀, tó wá ń ná 358 yẹn lórí fóònù tuntun àti ìrìn àjò, 44,800 péré ló máa bá nílẹ̀.

Ibi tí gbogbo ìjà yìí wà nìyẹn o! Láàárín 98,000 àti 44,800, kò sí ọ̀rọ̀ ilé níbẹ̀ rárá, rẹ́ǹtì kan náà làwọn méjèèjì san. Onílé tí ẹ ń fojú kéré wà láàárín wọn torí pé báǹkì ń fipá mú un tọ́jú owó, bó fẹ́ bó kọ̀.

Kí n má baà gbè sẹ́yìn ẹnì kan: tí ilé bá ń lọ sókè ní 5% dípò 3%, onílé á gbé bíi 107,700 lọ, ó ti kọjá gbogbo wọn. Ta ló mọ èyí tó máa ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan kó àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè 16 jọ láti 1870 dé 2015, wọ́n rí i pé lápapọ̀ ilé àti ìpín kọ́ńpìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èrè kan náà, nǹkan bíi 7% lọ́dún lẹ́yìn tí a bá yọ ọ̀wọ́n gógó ọjà kúrò. Ṣùgbọ́n bíi ìdajì èrè ilé yẹn, rẹ́ǹtì ni, kì í ṣe pé owó ilé ń fò. Ẹni tó ń gbé inú ilé ẹ̀ ń jẹ apá yẹn nípa pé kò san rẹ́ǹtì fún ẹlòmíì. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ilé ò lérè, ẹ ò ka rẹ́ǹtì yẹn mọ́ ọn.

* * *

Àǹtí tó béèrè bóyá ìpín kọ́ńpìnnì náà máa ń já: ó máa ń já, kì í tiẹ̀ kì wá nílọ̀. Láti oṣù kẹwàá 2007 sí oṣù kẹta 2009, àpapọ̀ kọ́ńpìnnì ńlá 500 ti Amẹ́ríkà pàdánù ju ìdajì iye ẹ̀ lọ, ó sì di 2013 kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ti Japan ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tó dé ní ìparí 1989, ó di 2024 kó tó tún débẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn kó gbogbo owó ẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iye ilé kì í hàn lójú fóònù láràárọ̀. Ẹni tó nílé lọ́dún 2009 ò rí i bí ilé ẹ̀ ṣe ń ṣubú lójoojúmọ́, ó kàn ń gbé inú ẹ̀ ni. Ẹni tó ní ìpín ń rí i, àyà ẹ̀ ń já, ó tà á nígbà tí kò yẹ kó tà á. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè wo 25,000 kó di 12,000 lójú yín kí ẹ máà fọwọ́ kàn án, ẹ sọ òótọ́ yẹn fún ara yín kí ẹ tó tẹ̀lé ọ̀gá ibi iṣẹ́ yẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe, ẹnì kan ní 1% ti pọ̀ jù, pé ọdún kẹta òun rèé òun ò tíì náwó kankan.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í wá díẹ̀díẹ̀, á dákẹ́ títí á wá dé lẹ́ẹ̀kan. Mo rẹ́ǹtì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó ra tèmi. Kò pẹ́ tí a kó wọlé, ọ̀dà ògiri yàrá tó kan ilé ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, téèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó wọnú tíì. A pe púlọ́ḿbà. Ó ń fi ìka lu táìsì ilé ìwẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, títí ó fi dé ibì kan tí dídún ẹ̀ yàtọ̀, ó ní ibí ni. Ó fọ́ ọ. Páìpù tó bàjẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀ ò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n irú táìsì yẹn, wọn ò ṣe é mọ́. Omi ti wọnú pákó abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, pákó ti jẹrà, wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀, nígbà tí wọ́n máa ṣe é tán ilé ìwẹ̀ tuntun la sanwó fún. Nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ láti ara páìpù tó kéré bí ìka.

Ká ní ilé rẹ́ǹtì ni, fóònù kan ni mi ò bá fi pe lándílọ́ọ̀dù. Torí náà kí onílé máa yọ 1% yẹn sọ́tọ̀ lọ́dọọdún bó ṣe ń yọ owó báǹkì, kódà bí ọdún mẹ́ta bá lọ tí nǹkankan ò bàjẹ́, pàápàá tí ilé náà bá ti gbó.

* * *

Mi ò ní jẹ́ kí ẹ̀yin ayálégbé náà sùn dáadáa torí mo mọ apá ibẹ̀.

Ilé ìkẹyìn tí mo rẹ́ǹtì, a ti bá àdúgbò mọ́ra, ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀rẹ́ níléèwé ibẹ̀, lẹ́tà dé: wọ́n fẹ́ ta ilé, oṣù mẹ́ta. A ò jẹ rẹ́ǹtì, a ò ba nǹkankan jẹ́. Ilé tó kù ládùúgbò yẹn ti gbówó lérí, ó di pé ká kó lọ síbi tó jìnnà, ọmọ pààrọ̀ iléèwé láàárín ọdún. Kò sí ibi tí wọ́n kọ èyí sí nínú ìṣirò 5%, owó sì ni, ìrora ọkàn sì ni.

Ohun tó ń pinnu èyí jù ni òfin ibi tí ẹ wà. Ní Jámánì bíi ìdajì àwọn èèyàn ló ń rẹ́ǹtì, ní Switzerland ó ju ìdajì lọ, àwọn olówó sì wà nínú wọn, torí òfin ò jẹ́ kí wọ́n kàn ṣàdédé lé ayálégbé jáde. Ní Romania ẹ̀wẹ̀, ju 90% ló ń gbé nínú ilé ara wọn, kò sì sọ wọ́n di olówó ju ará Switzerland. Torí náà bọ̀dá, ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ́ǹtì yín dáadáa. Oṣù mélòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín kí ẹ tó kó jáde? Ṣé ààlà wà fún bí wọ́n ṣe lè fi owó kún un lọ́dún? Tí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ "bó bá ṣe wù wọ́n", rẹ́ǹtì 450 yẹn wọ́n ju bó ṣe rí lọ.

* * *

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí bọ̀dá sọ lọ́rọ̀ ìkẹyìn tí gbogbo yín fò kọjá: iṣẹ́ lè gbé wọn kúrò láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Fún èmi ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀.

Ká ní wọ́n rà á, ọdún mẹ́ta pé, owó ilé ò lọ sókè ò lọ sílẹ̀, wọ́n ní láti tà á. 125,000, yọ 6% owó títà, ó ku 117,500. Gbèsè ṣì jẹ́ 96,100. Wọ́n á gba 21,400 nínú 25,000 tí wọ́n kó sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti san 600 fún oṣù 36, tí wọ́n ti san owó orí, tí wọ́n ti tún ilé ṣe. Mi ò tíì ka owó lọ́yà àti ìwé nígbà tí wọ́n rà á. Owó rírà àti owó títà yìí máa ń jẹ ẹni tó yára kúrò run, ẹni tó pẹ́ níbẹ̀ ló máa ń pín in sí ọ̀pọ̀ ọdún tí kò fi ní mọ̀ ọ́n lára. Tí n kò bá rí ọdún márùn-ún ó kéré tán níwájú mi, mi ò ní fọwọ́ kan ilé, ó tiẹ̀ wù mí kó tó méje.

Ẹnì kan ní kí wọ́n máa rẹ́ǹtì ẹ̀ jáde tí wọ́n bá kó lọ. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ rántí pé 450 ni rẹ́ǹtì irú ilé yẹn, 808 sì ni ó ń jẹ lóṣù. Wọ́n á máa fi 358 kún un láti ìlú míì, kí ayálégbé máa pè wọ́n lóru pé omi ò yọ. Iṣẹ́ lándílọ́ọ̀dù nìyẹn, iṣẹ́ gidi ni, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó mọ̀ọ́mọ̀ yàn án.

* * *

Kékeré lórí èlé: bọ̀dá, 6% yẹn, ṣé ọdún 30 gbogbo ni kò ní yí padà? Ní Amẹ́ríkà ó wọ́pọ̀ kí ó dúró bẹ́ẹ̀ títí. Ní Bìrìtìkó àti Kánádà, ọdún méjì sí márùn-ún ló máa ń dúró, lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún àdéhùn ṣe ní iye tí ọjà bá wí. Ní Bìrìtìkó, èlé báńkì àpapọ̀ wọn kúrò ní 0.1% ní ìparí 2021, ó di 5.25% ní oṣù kẹjọ 2023. Àwọn tí àdéhùn wọn parí lásìkò yẹn rí i lára. Tí tiyín bá lè yí, ẹ ní kí báǹkì fi iye tí ẹ máa san hàn yín tó bá di 9%. Lórí 100,000 ọdún 30, bíi 805 lóṣù ni. Ṣé owó oṣù yín lè gbé e?

* * *

Bọ̀dá kọ̀wé padà pé ìyàwó àwọn ní gbogbo ìṣirò yìí dára, ṣùgbọ́n òun kàn fẹ́ ibi tí òun lè kan ìṣó mọ́ ògiri láìtọrọ àyè.

Mi ò ní fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ tí mo ra tèmi. Èèyàn lè san owó fún ìfọ̀kànbalẹ̀ bó ṣe ń san owó fún ohun mìíràn, àǹfààní ni, kò nílò èrè. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ mọ iye tí ẹ ń san fún un. Nínú tiyín, bíi 70 lóṣù ni ìyàtọ̀ láàárín 518 àti 450. Ká ní ẹ máa wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, mo máa ní kí ẹ rà á fún ìyàwó yín kí ẹ má tiẹ̀ bá mi jiyàn mọ́. Kíkó tí iṣẹ́ lè mú kí ẹ kó lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yẹn ló ń dí mi lọ́wọ́, kì í ṣe ìṣó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di pé ẹ̀yin ń gbèjà ọ̀gá ibi iṣẹ́, ìyàwó yín ń gbèjà àwọn ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbé níbẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ẹni tó ti san gbèsè ilé tán kó tó fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì kékeré lè gbé e. Ẹni tó ṣì ń rẹ́ǹtì ní ẹni 75 ọdún, rẹ́ǹtì á máa lọ sókè, owó ìfẹ̀yìntì lè má tẹ̀lé e. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, ayálégbé tí kò dókòwò ló wà nínú ewu yìí jù. Tó bá dókòwò, ó gbọ́dọ̀ ní iye tó lè máa san rẹ́ǹtì títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Àbá kan tí àwọn èèyàn máa ń lò ni kí ó má yọ ju 4% lọ nínú rẹ̀ lọ́dún kìíní, kó máa fi ọ̀wọ́n gógó kún un lẹ́yìn náà. Fún rẹ́ǹtì 450 lóṣù, 5,400 lọ́dún, 135,000 ni ìyẹn, rẹ́ǹtì nìkan, oúnjẹ ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, bọ̀dá ò tíì sún mọ́ ibẹ̀. Kò sí òfin tó ní ilé tí wọ́n máa darúgbó sí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rà lọ́dún yìí.

* * *

Bọ̀dá, ẹ ní kí n sọ ohun tí mo máa ṣe. Màá rẹ́ǹtì títí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn á fi yanjú. Màá lọ béèrè gbangba lọ́wọ́ ọ̀gá mi bóyá wọ́n máa gbé mi lọ, màá sì gba èsì lórí ìwé tó bá ṣeé ṣe. Láti oṣù yìí, màá ní kí báǹkì máa gbé 358 kúrò fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé, kí n tó rí i sójú. Tí mi ò bá lè ṣe é fún ọdún kan láìfọwọ́ kàn án, mo ti mọ irú èèyàn tí mo jẹ́, ilé ló yẹ mí nígbà náà tí mo bá ti rí ibi tí màá pẹ́ sí.

Owó tí màá fi ra ilé láàárín ọdún mẹ́ta, mi ò ní kó o sínú ìpín kọ́ńpìnnì, torí tó bá já lọ́dún tí mo fẹ́ rà á, mi ò ní àyè láti dúró. Ibi tó dúró ṣinṣin ni, kódà bí èlé ẹ̀ bá kéré. Èyí tí mi ò ní nílò fún ọdún mẹ́wàá ló lè lọ sí index fund. Ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó yín, kí ẹ pín in sí méjì bẹ́ẹ̀.

* * *

Ìbéèrè tó wọlé kẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ra ilé tẹ́lẹ̀: owó díẹ̀ wọlé fún un, ṣé kó fi san gbèsè ṣáájú àsìkò ni àbí kó dókòwò?

Ẹ wo èlé yín. Tó bá jẹ́ 3% tí kò ní yí padà, bíi ti àwọn tó yá owó ní Amẹ́ríkà ní 2020 àti 2021, ẹ má yára san án, ẹ fi owó náà síbòmíì. Tó bá jẹ́ 9% tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ san án, torí lọ́pọ̀ ibi, ó ṣòro kéèyàn rí èrè tó dájú tó tó bẹ́ẹ̀. Láàárín méjèèjì, bí 6% yìí, ẹ pín in, tàbí kí ẹ ṣe èyí tó máa jẹ́ kí ẹ sùn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan ṣáájú, ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ báǹkì: ṣé wọ́n máa gba owó ìtanràn lórí ẹ̀, ṣé ara gbèsè gan-an ni owó náà máa lọ àbí wọ́n á kàn kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀. Ẹ gba ìdáhùn kejì yẹn lórí ìwé.